Ulé ní Bọ́lọ́rundúró

Aago mẹ́ta òru ní Kádíìfù,
fóònù gbọ̀n nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi.
Àǹtí Ìbídàpọ̀ ni, láti Iléṣà.
"Lọ́yà Aṣàólú ní kí o fọwọ́ sí ojú ewé kẹrin,
kí nótárì fi òǹtẹ̀ lù ú,
kí o fi ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó kú."
Nótárì níhìn-ín ń gba ọgọ́rin pọ́ùn
kó tó wo ojú èèyàn.

Mo ka ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá arúgbó kan
tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́.
Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, iyàrá mẹ́jọ, ní Bọ́lọ́rundúró.
Ilé, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn.
Ulé làwa ń pè é.
Ulé tí òjò máa ń bá wa sùn ní iyàrá kẹta,
tí ẹ̀yìn Bàbá fi òróró ara ya àwòrán sára ògiri
níbi tó máa ń fara tì ní ìrọ̀lẹ́.
Fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún ìyẹn.

Bàbá mi, Fámúrewá, òṣómàáló ni.
Ó ru aṣọ dé Kàbbà, ó tà á láwìn,
nígbà tí wọ́n bá ta kòkó, a padà lọ,
a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
Kì í jókòó. Kì í gba omi mu.
"Bí mo bá jókòó, mo ti di àlejò," ó ní.
"Àlejò kì í sin gbèsè."

Ìyáàlé bí márùn-ún.
Ìyá mi bí èmi nìkan, ó sì tètè lọ.
Ẹ̀yìn ìyáàlé ni mo ti mọ bí oorun ṣe ń rí.
Àǹtí Ìbídàpọ̀ ló ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀
kí n tó wọ bààlúù.

Bọ̀dá Adéwùsì fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù,
ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀:
"Ìdí-igi ni! Ìdajì ni tìrẹ.
Má jẹ́ kí wọ́n fi orí-ò-jorí rẹ́ ọ jẹ."
Mo ṣírò ó sẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́.
Iyàrá mẹ́rin,
fún ẹni tó ń sùn nínú ẹyọ kan
tó sì ń ra ooru ilé ní pọ́ùn márùn-ún márùn-ún.
Síbẹ̀ mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní purọ́.

Mo bi Àǹtí: ìwé gbèsè Bàbá ńkọ́,
èyí tó ní ẹ̀yìn pupa?
"Ikán ti jẹ ẹ́ dé ìdajì."
Ó dákẹ́. Mo dákẹ́.
Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín:
"Àwọn yẹn ò kúkú bi lọ́yà
bóyá ìdí-igi ni tàbí orí-ò-jorí."

Ó ya àwòrán ìyókù fún mi.
Ìkọ̀wé Bàbá, pẹ́ńsù tó ti ń ṣá:
Ọmọ́bọ̀dé, aṣọ méjì, ó ku ṣílè mẹ́ta.
Olórunfẹ́mi alágbẹ̀dẹ, ó san án tán.
Ìyá ẹlẹ́gùúsí ní Kàbbà, ọmọ rẹ̀ kú. Mo dìde.
Ẹni tí iná jó oko rẹ̀. Mo dìde.
Mo dìde, níbi mẹ́tàdínlógún.
Mo kà á. Ohun tí ikán jẹ, n kò lè kà.

Ìwé lọ́yà ṣì wà nínú àpò mi, n kò tíì fọwọ́ sí i.
Mi ò mọ ìgbà tí mo lóṣòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ẹ̀yìn mi lára ògiri funfun tí kò gba òróró.
Aago ìpè dún ní iyàrá kejìlá.
Ó tún dún.
Ẹsẹ̀ mi ti kú.
Mo di ògiri mú, mo ń gbìyànjú àtidìde.